Ọ̀rá Dúdú Tó Wà Lókè Ibùsùn Rẹ

Ọ̀sì, ọjọ́ Àìkú

Àbẹ̀ní mi,

Ohun tí mo rí nínú fóònù láàárọ̀ yìí, nígbà tí a ń rí ara wa sọ̀rọ̀, nìyí, bí mo ṣe rí wọn tẹ̀ léra. Mo rí bàtà iṣẹ́ rẹ tuntun lórí tábìlì, èyí tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀, tí okùn rẹ̀ kò tíì dọ̀tí. Mo rí akoto oníke pupa tí wọ́n fún ọ níbi iṣẹ́. Mo rí abọ́ ẹ̀kọ tí o jẹ kù. Mo rí ìwọ fúnra rẹ lórí àpótí, orí rẹ láàárín orúnkún ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ wọn nínú irun rẹ, ìyàrí lẹ́nu wọn. Nígbà tí o dìde pé kí n wá wo yàrá rẹ, mo rí ibùsùn tí o kò tíì tẹ́, mo rí bátìrì ínfátà tó ń gbaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì, mo rí fáànù, mo sì rí ẹ̀rọ funfun kékeré kan lára àjà, lókè ibùsùn gan-an, tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé, tí wọ́n sì fi rọ́bà dè lọ́rùn bí ìdì iyọ̀.

Mo ní, "Ìbùkún, kí ni ọ̀rá tó wà lókè yẹn?"

Kí o tó lanu, ẹ̀gbọ́n mi ti dáhùn láti ẹ̀yìn: "Ó ń ké kíún, kíún, ní gbogbo òru. Kò jẹ́ kí ọmọ mi sùn. Mo ti pa á lẹ́nu mọ́."

Ìwọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ bá mi wo Mọ́mì o! Orí àga ni wọ́n gùn, pẹ̀lú orúnkún tí wọ́n ń kígbe rẹ̀ kiri!"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé. Nígbà tí ó padà dé, mi ò pè yín mọ́. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́ sí fóònù rẹ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi á sì ní, "Bísí, o tún ti bẹ̀rẹ̀." Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà Ọ̀sì sí Ìlọrin ni n ó fi ìwé yìí rán ní àárọ̀ ọ̀la. Ìwọ nìkan ni kí o kà á.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún nínú rẹ̀: tú ọ̀rá yẹn kúrò. Má fi di alẹ́ ọjọ́ tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá sì fẹ́ dá a padà, má gbà fún wọn. Mo mọ̀ pé ohun tí mò ń sọ yìí wúwo, pé kí o ṣe ohun tí Mọ́mì rẹ kò fẹ́ nínú ilé Mọ́mì rẹ. N kò bá ọ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ kí inú mi lè fúyẹ́. Mò ń jowú. Láti àárọ̀ ni mo ti ń jowú, mi ò sì mọ èyí tí mò ń jowú jù nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí. Mò ń jowú ọwọ́ tó wà nínú irun rẹ. Èmi ni mo bí ọ, ní ọdún tí mo jáde ìwé mẹ́wàá. Nígbà tí mo já ọ lẹ́nu ọmú, màmá wa ń ṣàìsàn nílé níbí, ẹ̀gbọ́n mi sì wà ní Ìlọrin pẹ̀lú ọkọ, kò sí ọmọ. Gbogbo ilé ló fẹnu kò sí i pé kí wọ́n mú ọ lọ máa tọ́. Àwọn ọmọ tó kù nílé ń pè mí ní Àǹtí, ìwọ náà gbọ́ nígbà tí wọ́n bá mú ọ wá kí wa, o sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n o mọ̀ bí a ṣe ń ṣe ní ilẹ̀ wa: obìnrin tó bá ti bímọ, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wá sí Ọ̀sì nígbà Kérésì, àwọn tó jẹ́ aládùúgbò wa á máa kí wọn, "Ìyá Ìbùkún, ẹ káàbọ̀ o!" Wọ́n á sì yíjú sí mi: "Bísí oníná, báwo ni?" Bísí oníná ni mo ń jẹ́ láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin dé Kòro, nítorí iṣẹ́ wáyà tí mo kọ́. Mo máa ń dáhùn, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín.

Mò ń jowú ìwọ náà. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Táyé ní Ararọ̀mí, àkàbà ni mo kọ́kọ́ ń dì mú, fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó jẹ́ kí n gun ún. Sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Kò sí ẹni tó fún mi ní akoto. Iṣẹ́ ilé lásán ni, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti gílóòbù, kí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé ńlá fún àwọn òbí wọn, tí wọ́n sì ń sọ pé kí a fi àlááàmù iná sí i, ẹ̀rọ tó ń ké bí ilé bá fẹ́ jó. Ìgbà yẹn ni Bàbá Táyé ra ìwé tó sọ nípa rẹ̀, tí wọ́n fún mi pé kí n máa kà á sí wọn létí. Báyìí, iléeṣẹ́ ńlá ní Ìlọrin ló gbà ọ́ láti máa ṣe iṣẹ́ yìí nìkan, pẹ̀lú bàtà àti ọ̀gá tó ń kọ́ ọ lójú pátákó. Inú mi dùn, inú mi sì ń ta mí. Gba méjèèjì lọ́wọ́ mi.

O bi mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé báwo ni mo ṣe ń mọ irú ẹ̀rọ tí mo máa gbé sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Èmi ni o bi, o ò bi Mọ́mì. Mo ti ń gbé ìbéèrè yẹn kiri láti ọjọ́ náà bí ẹni gbé ẹyin. Ìdáhùn rẹ̀ rèé.

Èkíní ni ti èéfín. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, tí ó sì wà lókè ibùsùn rẹ, ìmọ́lẹ̀ ló ń lò. Nínú rẹ̀, ihò dúdú kékeré kan wà. Ìmọ́lẹ̀ tíńtín kan ń tàn lọ síwájú, ojú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kì í rí ìmọ́lẹ̀ yẹn, nítorí pé kò kọjú sí i. Bí èéfín bá wọlé, ìmọ́lẹ̀ á kọlu èéfín, á fọ́n ká, díẹ̀ á bọ́ sí ojú yẹn. Ibẹ̀ ló ti ń ké. O rántí bí ìtànṣán oòrùn ṣe ń hàn nínú ilé ìdáná ìyá àgbà nígbà tí eruku bá wà? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Iná tó ń jó jẹ́jẹ́, bíi ti tìmùtìmù tàbí aṣọ, tó máa ń rú èéfín kó tó jó, èyí ló tètè ń mọ̀ ọ́n. Oríṣi kejì kò lo ìmọ́lẹ̀. Èérún ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì díẹ̀ gba inú afẹ́fẹ́ kọjá láàárín irin méjì. Bí èéfín bá dí i lọ́nà, ó mọ̀. Ìyẹn yára sí iná tó bá bú gbàmù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dín àkàrà ní òdìkejì títì lè mú kó ké. Kì í pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí o bá rí i, má tú inú rẹ̀, má sì jù ú sí ààtàn, nítorí èérún yẹn lè ṣe ara ní jàǹbá.

Kí o tó fi bíìtì lu ihò sí ògiri tàbí àjà, béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá náà. Mi ò béèrè rí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi ń sọ ọ́. Ìjọ Aládùúrà kan lẹ́bàá Ìlọ́fà kọ́ ilé ìsìn tuntun. Èmi ni mo wọn àjà, èmi ni mo sọ fún Bàbá Táyé pé àárín gbùngbùn, lókè pẹpẹ, ló dára jù fún ti èéfín. Ó tọ́ nínú ìwé. Ọjọ́ ìṣílé, wòlíì ju àwo tùràrí síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta péré, ni ẹ̀rọ bá figbe ta. Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú fò dìde: "Uná! Uná dé o!" Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ ohun tó sọ, wọ́n rò pé ẹ̀mí ló gbé e, wọ́n ń pariwo Halelúyà. Ìdajì ìjọ ń sá jáde, ìdajì ń pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, wòlíì pè mí. "Àǹtí oníná, ṣé ẹ̀rọ yín kò mọ ìyàtọ̀ láàárín tùràrí àti igi tó ń jó ni?"

Mo ní, "Bàbá, kò mọ̀ ọ́n. Èéfín ni gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀."

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ̀yin náà kò mọ̀ pé Aládùúrà ni wá?"

A gbé ti èéfín lọ sí ibi tí wọ́n ń kó aṣọ sùtánà sí àti sí ọ̀nà àbájáde, a sì fi ti ooru sí òkè pẹpẹ.

Ti ooru ni èkejì, òun náà sì jẹ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan ń dúró de ìwọ̀n ooru kan. Bí yàrá bá gbóná dé ibẹ̀, á ké. Ìkejì kò wo bí ó ṣe gbóná tó, bí ooru ṣe ń yára gun òkè ló ń wò. Bí yàrá bá ṣàdédé gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó mọ̀ pé nǹkan ṣe. Èéfín àti eruku kò yọ wọ́n lẹ́nu, nítorí náà ilé ìdáná ni ilé wọn, àti ibi tí wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí mọ́tò sí. Ṣùgbọ́n wọn kì í tètè mọ̀. Kí ooru tó dé ọ̀dọ̀ wọn, èéfín á ti pa ẹni tó sùn. Má gbé ti ooru nìkan sí yàrá tí ènìyàn ń sùn láé, bí oníbàárà bá tilẹ̀ ń bẹ̀ ọ́ pé òun kò fẹ́ ariwo.

Ní Ìsọ̀lọ́-Ọ̀pin, ọmọ kan kọ́lé fún ìyá rẹ̀, ilé tó dára, tí táìlì rẹ̀ ń dán. A fi ti ooru sí ilé ìdáná bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n màmá náà kò fẹ́ràn gáàsì. Wọ́n gbé àdògán wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín àwọn yàrá, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀, wọ́n kó igi sí i. Ti èéfín ló sì wà níbẹ̀. Nígbà tí a dé, wọ́n ti fi ọmọrí odó lù ú títí ó fi ń rọ̀ lórí wáyà. Wọ́n ní, "Ẹ gbé ọmọ tó ń sunkún yìí lọ. Mo ti tọ́ tèmi tán." A rẹ́rìn-ín títí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn fi páànù bo ẹ̀yìnkùlé fún wọn, kí wọ́n máa dáná níbẹ̀. Wọ́n gbà. Mi ò bá wọn jà nítorí àdògán. Ẹni tó ní ilé ló ni bí òun ṣe fẹ́ jẹun. Tìrẹ ni kí o wá ibi tí ẹ̀rọ àti àdògán kò ti ní bá ara wọn pàdé.

Nípa ibi tí a ń gbé e sí: èéfín ń lọ sókè, nítorí náà àjà ni, sún mọ́ àárín. Má gbé e sí igun ibi tí àjà àti ògiri ti pàdé. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í yí, èéfín lè má dé ibẹ̀. Má gbé e sún mọ́ fáànù tàbí éésì, wọ́n á máa fẹ́ èéfín dànù. Má gbé e sí ẹnu ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ìkùukùu omi gbígbóná á máa tàn án jẹ. Ilé tí kò ní àjà, tí páànù nìkan wà lórí rẹ̀, ni kí o ṣọ́ra fún jù. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ gbígbóná á kó jọ sábẹ́ páànù bí ìdérí ìkòkò, èéfín á sì dúró sísàlẹ̀ rẹ̀, kò ní lè gun òkè. Sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ kúrò lára páànù. Mo gbé ti ooru mọ́ páànù gan-an nígbà kan ní ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ kan ní Kòro. Oòrùn lásán ló mú un ké, alágbẹ̀dẹ sì sọ fún mi pé ẹ̀rọ mi ń bẹ̀rù oòrùn ju ewúrẹ́ lọ.

Oríṣi kan wà tó ń wo ọwọ́ iná fúnra rẹ̀, tó ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú tiwa kò lè rí. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú epo bẹtiróò sí ni wọ́n ń gbé e sí, kí nǹkan kan má sì dí i lójú. Mi ò fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Nínú ìwé ni mo ti rí i. Ìwọ ni wàá fọwọ́ kàn án. Bí o bá ti gbé e sókè, ya fọ́tò rẹ̀ fún mi, èmi ni kí o kọ́kọ́ fi hàn. Jọ̀ọ́.

Ti afẹ́fẹ́ olóró jẹnẹrétọ̀ náà wà, èyí tí kò ní àwọ̀ tí kò ní òórùn. Ti èéfín kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ilé tí jẹnẹrétọ̀ bá wà ní fàráńdà, sọ fún wọn kí wọ́n gbé e jìnnà, kí wọ́n sì ra ẹ̀rọ yìí pẹ̀lú.

Wáyà ńkọ́? Nínú ilé kékeré, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bátìrì tirẹ̀, ó sì dára kí wọ́n so wọ́n pọ̀ kí gbogbo wọn ké bí ọ̀kan bá ké. Nínú ilé ńlá, gbogbo wọn ń lọ sí pánẹ́ẹ̀lì, àpótí tó ń ṣọ́ wọn lára ògiri. Ti àtijọ́, pánẹ́ẹ̀lì á sọ apá ilé tó ń ké fún ọ, kò ní sọ yàrá. Tuntun, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, á sì dárúkọ ara rẹ̀. Nínú ti àtijọ́ yẹn, rẹ̀sísítọ̀ kékeré kan wà tí a ń fi sí ìdí ẹ̀rọ tó kẹ́yìn lórí wáyà. Pánẹ́ẹ̀lì ń tipasẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé wáyà pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀lẹ a máa fi í sínú pánẹ́ẹ̀lì níbi tó ti rọrùn. Gílóòbù aláwọ̀ ewé á máa tàn pé àlàáfíà wà, eku á sì ti jẹ wáyà lójú ọ̀nà. Má ṣe é láé, bí ọ̀gá rẹ bá tilẹ̀ ń kánjú. Àlááàmù tó ń sọ pé àlàáfíà wà nígbà tí òun kò gbọ́ nǹkan kan burú ju kí ilé má ní rárá.

Níbi iṣẹ́, má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ẹni tó ń lọ ra oúnjẹ. Obìnrin ni ọ́, wọ́n á dán an wò. Rà á lẹ́ẹ̀kan, rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kejì, jẹ́ kí ó jẹ́ pé orí àkàbà ni wọ́n bá ọ. Wọ ṣòkòtò. Bí ẹnì kan bá ń di àkàbà mú fún ọ, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí nísàlẹ̀.

Mo padà sí ọ̀rá dúdú. Gbogbo ẹ̀rọ tuntun ló ní ìdérí ike tí a ń dé mọ́ ọn bí wọ́n bá ń kun ilé, kí eruku má wọ inú rẹ̀. Bí a bá kun ilé tán, a ń ṣí i. Ọ̀rá yẹn ń ṣe iṣẹ́ ìdérí yẹn gẹ́lẹ́: kò sí èéfín tó máa wọ ihò dúdú yẹn. Kíún ẹyọ kan, kí ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ó tún ṣe kíún, ìyẹn kì í ṣe iná. Bátìrì ló ń kú. Yí i sí ọwọ́ òsì, á bọ́. Pààrọ̀ bátìrì, yí i padà, tẹ bọ́tìnì àárín rẹ̀ títí á fi ké. Bí ó bá ṣì ń ṣe kíún lẹ́yìn bátìrì tuntun, ó ti gbó, ẹ ra òmíràn. Bátìrì ínfátà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì, kọ́tìnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìmùtìmù. Gbé bátìrì yẹn lọ sí fàráńdà.

Bí mo ṣe kọ ibẹ̀ yẹn tán ni fóònù mi ṣẹ́jú. Ìwọ ni. O fi fọ́tò ránṣẹ́: àjà, ẹ̀rọ funfun, kò sí ọ̀rá. Mo pè ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Mo ní, "Ìbùkún, ìwọ lo tú u?"

O ní, "Rárá o, Àǹtí. Mọ́mì ni. Wọn ò jẹ́ kí n gun àga. Wọ́n ní Bísí kì í béèrè nǹkan lásán láti kékeré. Wọ́n ní bí ẹ bá béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀kan tí ẹ sì dákẹ́, kí àwọn yáa lọ wò ó. A ti ra bátìrì. Ẹ gbọ́." Mo gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi láti ẹ̀yìn, "Tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gbọ́!" Ẹ̀rọ náà ké títí mo fi gbé fóònù jìnnà sí etí.

Nítorí náà, kò sí ohun tí mo ní láti bẹ̀ ọ́ fún mọ́, àfi bátìrì ínfátà yẹn. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ìwọ ló tú u, nítorí pé èmi ni mo ní kí o tú u. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà á lọ́wọ́ mi kí ìwé tó dé, lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo sọ. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an sì tún ń dùn mí. N ó rán ìwé náà síbẹ̀síbẹ̀, nítorí iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. O lè kà á fún wọn bí o bá fẹ́. Wọ́n ti mọ̀ pé mò ń jowú.

Èmi ni,
Bísí, ìyá rẹ.

Mo fi èyí kún un ní àárọ̀ Ajé, dírẹ́bà ti ń fọn fèrè lójú títì: mo gbọ́ ohùn ẹ̀rọ yẹn létí títí di òru, mo sì ń rò ó pé o ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Aago kan kọjá díẹ̀ ni mo tó dùbúlẹ̀.